Aṣọ́lé tí wọ́n ń sanwó fún di 2029: ta gan-an ló yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Keje bá ti wọlé báyìí, àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá nílùú New York máa ń rí ohun tí wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n á ní ẹ wo Bobby Bonilla, tó ti pa eré besibọ́ọ̀lù tì tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ tí ẹgbẹ́ Mets ṣì ń kó owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là fún un lọ́dún, tí wọn ò sì ní í ṣíwọ́ títí di ọdún 2035. Ẹlòmíì á ní ká fi Bonilla sílẹ̀ ná, ká wo Rick DiPietro, aṣọ́lé ẹgbẹ́ họ́kì New York Islanders, tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2013, tó sì ń gba mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là lọ́dọọdún títí di 2029 láìfẹsẹ̀ kan yìnyín. Ẹ̀rín á ta.

Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́hùn-ún ló fi ọ̀kan nínú ẹ̀fẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n má parọ́. Àmọ́ nígbà tó di alẹ́, oorun ò wá. Ẹnì kan ló ń wá sọ́kàn mi, kì í sì í ṣe DiPietro. Màá sọ ti onítọ̀hún tó bá yá.

Ẹ̀yin tí họ́kì orí yìnyín kò yé, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ní ráńpẹ́. Kì í ṣe họ́kì orí koríko tí wọ́n ń gbá láwọn ilé ẹ̀kọ́ wa o. Eléyìí, orí omi dídì ni wọ́n ti ń sáré, pẹ̀lú bàtà tí irin mímú wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni mẹ́fà mẹ́fà ló ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń gbá kì í ṣe bọ́ọ̀lù, róbà dúdú kan ni, ó rí pẹlẹbẹ, ó rí roboto, ó sì le bí òkúta. Pọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá lágbára lè gbá a kó yára ju mọ́tò tó ń sáré àsápajúdé lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ilé tí wọ́n ń ṣọ́ kò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní fífẹ̀, mẹ́rin ní gíga. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ kò ráyè mí, torí ó lè dá ọgbọ̀n pọ́ọ̀kì padà lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ohun tó ń ba àgọ́ ara àwọn aṣọ́lé yìí jẹ́ gan-an kì í sì í ṣe pọ́ọ̀kì. Ìdúró wọn ni. Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà ṣọ́lé láyé òde òní ni pé kí wọ́n já lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bíi labalábá tó na ìyẹ́. Labalábá náà ni wọ́n ń pe ìdúró yẹn. Ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún bíi tèmi, ẹ má dán an wò, ẹ jọ̀ọ́.) Ìgbáròkó á yí síbi tí Ọlọ́run ò dá a sí. Orúnkún á gbá yìnyín gbàà. Aṣọ́lé á ṣe èyí nígbà ìdánrawò láàárọ̀, á tún ṣe é nínú ìdíje lálẹ́, ìdíje tó lé ní ọgọ́rin sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa dé ìpele tí wọ́n ti ń du ife.

Ẹgbẹ́ Islanders tí mò ń wí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Láti 1980 sí 1983, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi gba ife Stanley tẹ̀léra. Àmọ́ ògo àná ni. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, wọ́n ti di ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń fìyà jẹ. Líìgì wọn sì ní ètò kan: àwọn ẹgbẹ́ á tò, wọ́n á máa mú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2000 yẹn, Islanders ló kọ́kọ́ mú. Wọ́n ti ní aṣọ́lé ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́, Roberto Luongo, ọmọ Kánádà tí wọ́n mú ní 1997. Mike Milbury tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ nígbà yẹn kó Luongo àti Olli Jokinen fún ẹgbẹ́ Florida Panthers, ó gba agbábọ́ọ̀lù méjì míì dípò wọn, ó wá fi àǹfààní àkọ́mú yẹn mú DiPietro, ọmọ ọdún méjìdínlógún láti Massachusetts.

Luongo gbá ìdíje tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nínú líìgì náà. Lọ́dún 2022, wọ́n gbé e wọ inú ilé ìrántí àwọn akọni họ́kì. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ pé DiPietro ò mọṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí aṣọ́lé púpọ̀ tó lè fi ọ̀pá gbá pọ́ọ̀kì bíi tiẹ̀. Á jáde kúrò nílé, á gbá a fún ẹni tó wà níwájú, bí ẹni pé adáyàfò ni òun náà. Ó wà lára àwọn aṣọ́lé tí Amẹ́ríkà kó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Turin lọ́dún 2006. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni wọ́n wá gbé ìwé kalẹ̀ fún un. Charles Wang, oníṣòwò kọ̀ǹpútà tó ni ẹgbẹ́ náà, àti Garth Snow, ọ̀gá àgbà tuntun, ni wọ́n jọ wà nídìí ẹ̀. Ẹ gbọ́ o, Snow yìí fúnra rẹ̀, aṣọ́lé ni. Ní sáà tó ṣáájú ìyẹn, òun ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí DiPietro bá wà nílé. Ó fẹ̀yìn tì nínú oṣù Keje, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá àgbà lójú ẹsẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án, ó ti ń bá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣọ́lé tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mílíọ̀nù 67.5 dọ́là.

Tí ẹ bá pín in, mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ lọ́dún ni. Ìyẹn ò pọ̀ jù fún aṣọ́lé tó dáa, àní olówó pọ́ọ́kú ni tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ le títí di òpin. Ibi tí wàhálà wà ni ọdún. Ta ló mọ ohun tí orúnkún ẹnì kan máa jẹ́ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òní? Dọ́kítà gan-an ò mọ̀.

Ní sáà àkọ́kọ́, ó gbá ìdíje 62. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2007, ó forí gbá, ọpọlọ mì. Ó padà wá, orí tún gbá. Ẹgbẹ́ náà wá kù sọ́wọ́ aṣọ́lé kejì, Wade Dubielewicz, ẹni tí orúkọ ẹ̀ kò yọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn títí di ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìdíje mẹ́rin ló kù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo ẹ̀. Ó jẹ mẹ́ta. Ó wá ku ẹyọ kan, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin, ní New Jersey. Wọ́n gbá a títí, wọ́n ta ọ̀mì, ó di kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbé pọ́ọ̀kì wá ko aṣọ́lé lójú. Sergei Brylin ti New Jersey gbé tiẹ̀ bọ̀. Dubielewicz ò dúró dè é, ó ju ọ̀pá síwájú, ó fi já pọ́ọ̀kì gbà kúrò níwájú ọkùnrin náà. Ó tán. Islanders ti wọlé.

Mo ti wo fídíò yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe ya bo ọkùnrin náà, tí wọ́n ń gbá a mọ́ra, ìwọ náà á fẹ́ sunkún. DiPietro padà wá nígbà tí wọ́n pàdé Buffalo, wọ́n fìdí rẹmi níbẹ̀, sáà parí. Ní 2008, Dubielewicz ti kúrò ní Long Island.

Níbi tí mo ti ní ìjà pẹ̀lú wọn nìyẹn. Ọlọ́run fi hàn wọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ pé ẹnì kejì ló gba ẹ̀mí wọn là. Kàkà kí wọ́n wá ẹnì kejì tó múná, kí wọ́n pín ẹrù náà sí méjì, wọ́n ń retí. Ọdọọdún ni wọ́n ń retí. Á gbádùn tó bá di oṣù Kẹwàá. Á gbádùn lẹ́yìn ọdún Kérésì. Dọ́kítà ti ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá dúró nílé náà, bíi àlejò ni wọ́n ń ṣe sí i, pé kó máa bá wọn mú un lọ́wọ́ ná kí onílé tó dé.

Onílé ò sì dé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìgbáròkó rẹ̀ lọ́dún 2007. Ó padà, ó gbá ìdíje 63 ní sáà tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ní oṣù Kíní ọdún 2008 tí wọ́n pe àwọn àṣàyàn eléré jọ sí Atlanta fún fàájì lásán, fàájì o, ìgbáròkó náà tún dá sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún là á. Lẹ́yìn náà ló kan orúnkún, wọ́n sì là á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Sáà 2008 sí 2009, ìdíje márùn-ún péré. Sáà tó tẹ̀ lé e, mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, 26. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́jọ, wọ́n tún fi iṣẹ́ abẹ sí abẹ́ ìtan. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́ta. Ẹ bá mi ro ó pọ̀: àádọ́ta ìdíje ní sáà márùn-ún, nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbá 376.

Àwọn kan á ní kò tọ́jú ara ẹ̀. Ó ní ibi tó jẹ̀bi, mi ò ní bò ó. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2011, ní Pittsburgh, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí eré parí, tí wọ́n ti fìyà jẹ wọ́n tán, ó lọ dí ẹnì kan lọ́nà, ìjà bẹ́. Brent Johnson, aṣọ́lé àwọn Pittsburgh, yọ láti ìpẹ̀kun kejì pápá, ó fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo gbé e ṣánlẹ̀. Eegun ojú DiPietro kán, orúnkún tún wú. Ẹni tí ara ẹ̀ jẹ́ ẹyin, kí ló ń wá lọ síbi òkúta? Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ẹni tí wọ́n ti ń pè ní abirùn láti ọdún mẹ́ta, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ṣé ó máa sá fún ìjà lójú gbogbo ayé?

Ó ṣe kòńgẹ́ pé nígbà tí oṣù Kejì yẹn ń parí lọ, mo wà ní Hempstead lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin. Òtútù ńlá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n mú yín jáde, ẹ ti jókòó sílé jù.” Mo rò pé ibi tá a ti máa jẹun ni. Nassau Coliseum ló mú mi lọ, gbọ̀ngàn àtijọ́ kan tí wọ́n ṣí lọ́dún 1972, ní Uniondale níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àga ṣófo. Mo wọ kóòtù méjì, mo ṣì ń gbọ̀n. Mi ò rí pọ́ọ̀kì náà rárá fún bíi ogún ìṣẹ́jú, àwọn tó ń sáré kiri nìkan ni mò ń wò, ìgbà tí àwọn èèyàn bá pariwo ni mò ń mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Mo wá rí orúkọ kan lẹ́yìn aṣọ eléré kan. OKPOSO. Mo pariwo! Mo ní, “Èwo nìyí? Ọmọ wa kọ́ nìyẹn?” Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọmọ wa ni lóòótọ́, Kyle lorúkọ ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀, wọ́n bí i sí Amẹ́ríkà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń tẹ̀ lé ọmọkùnrin yẹn. Òun náà jìyà ara: lọ́dún 2017 tó ti wà ní Buffalo, orí tó gbá sọ ọ́ dèrò ọsibítù, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ ọpọlọ wọn le. Ó sì gbádùn. Ó sì gba ife Stanley pẹ̀lú Florida ní 2024 kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ á tó àpilẹ̀kọ mìíràn.

Mo bi àbúrò mi pé ta ló wà nílé wọn. Ó ní, “Montoya ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á láti Phoenix ni, kò tíì pé oṣù kan. Ẹ má wulẹ̀ há orúkọ ẹ̀ sórí, ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n á ti gbé òun náà lọ ọsibítù tó bá di ọ̀la.” Kò parọ́. Ní sáà kan ṣoṣo yẹn, ẹni mẹ́fà ni Islanders gbé wọlé bí aṣọ́lé. DiPietro tí eegun ojú ẹ̀ kán. Dwayne Roloson, àgbà tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n tà fún Tampa ní ọjọ́ kìíní ọdún. Kevin Poulin, ọ̀dọ́ tó ń ṣe dáadáa, àfi bí orúnkún ẹ̀ ṣe yẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń gbóná ara, eré ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Nathan Lawson. Mikko Koskinen ará Finland, gìrìwò ọkùnrin. Àti Montoya. Wọ́n tún gbìyànjú láti mú Evgeni Nabokov nínú oṣù Kíní, ọkùnrin náà ní òun ò wá, ó jókòó sílé ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó wá dara pọ̀ mọ́ wọn.

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí kò bá ní ẹnì kejì, ó máa ní ẹni mẹ́fà, wọn ò sì ní í mọ ara wọn.

Kí n sọ ìtàn kan tó dùn kí n tó dé ibi tó ń dun èmi. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì ọdún 2020, Carolina Hurricanes lọ gbá ìdíje ní Toronto. Aṣọ́lé àkọ́kọ́ wọn fara pa. Aṣọ́lé kejì náà fara pa. Ó ku òfo. Òfin líìgì náà nígbà yẹn sì ni pé ẹni tó bá gbàlejò gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan nítòsí tó lè wọ aṣọ tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, fún ẹgbẹ́ èyíkéyìí. David Ayres ló wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún méjìlélógójì, tó máa ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tún ojú yìnyín ṣe, tí ìyá ẹ̀ sì ti fún un ní kíndìnrín kan rí nígbà tí tiẹ̀ bà jẹ́. Ó wọlé. Pọ́ọ̀kì méjì àkọ́kọ́, ó wọlé méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́jọ ni wọ́n gbá sí i, ó mú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Carolina borí pẹ̀lú ayò mẹ́fà sí mẹ́ta. Awakọ̀!

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé.

Lọ́dún 1986, mo jẹ́ balógun ikọ̀ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, n’Íbàdàn. Aṣọ́lé wa, Gọ́ọ̀mù là ń pè é, torí tí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọwọ́ ẹ̀, kì í já bọ́. Ṣùgbọ́n kò sóṣù tí kò ní í fara pa. Lónìí, ìka. Lọ́la, ìgbúnwọ́. A ti fi ṣe àwàdà, a ní ìyá ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń ta Àbónìkì rí ọkọ fẹ́. A ní ọmọ kékeré kan tó jẹ́ kíípà kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dé ìparí, a ò jẹ́ kó dúró nílé lẹ́ẹ̀kan. Òun ló ń bá wa gbé omi.

Àṣekágbá bọ́ sí Sátidé. Ọjọ́rú, Gọ́ọ̀mù fi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún gbálẹ̀. Ìyá ẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun, bàbá ní kó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù fún oṣù kan ààbọ̀. Alẹ́ Jímọ̀, èmi ni mo lọ bá a. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ní, “Gọ́ọ̀mù, tó ò bá dúró, a ti tán nìyẹn. Ewúrẹ́ ló wà ńlẹ̀ yẹn o.” Ó wo ọwọ́ ẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mo ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún péré ni. Mo ní a máa fi aṣọ dì í dáadáa. Ó ní ó dáa.

Ó dúró, ó sì mú gbogbo ẹ̀. Ayò kan sí òdo. Èyí tó mú kẹ́yìn ló ba nǹkan jẹ́, ó fò sápá ọ̀tún, ó sì ṣubú lé ọwọ́ náà. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn tó dún. A pa ewúrẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ òsì ni Gọ́ọ̀mù fi jẹ tiẹ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́ nígbà náà. Ọwọ́ yẹn ò gùn tààrà mọ́ títí dòní, kò lè di sísọ́ọ̀sì mú pẹ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń ta páàtì mọ́tò. Kò fìgbà kan bú mi. Ìyá ẹ̀ nìkan ni kò dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí i, títí màmá fi kú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá wọn rẹ́rìn-ín DiPietro títí. Gbogbo ìgbà tó padà wá sórí yìnyín kí ara ẹ̀ tó san, ẹnì kan wà tó ń retí ẹ̀. Bóyá wọ́n bẹ̀ ẹ́, bóyá wọn ò bẹ̀ ẹ́. Mílíọ̀nù 67.5 ń sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, kò nílò ẹni tó máa rìn wá kanlẹ̀kùn lálẹ́ Jímọ̀. Èèyàn á jí láàárọ̀, ìgbáròkó á máa ro ó, á rántí iye tí wọ́n kọ sínú ìwé, á wọ bàtà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n fi í sójútáyé pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kó wá gbé e. Kò sẹ́ni tó wá. Wọ́n rán an lọ sí ẹgbẹ́ kékeré wọn ní Bridgeport. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n lo àǹfààní òfin tuntun kan láti ra ara wọn kúrò nínú àdéhùn náà. Ọdún mẹ́jọ ló kù, ìyẹn mílíọ̀nù 36. Òfin ní kí wọ́n san ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó jẹ́ mílíọ̀nù 24, kí wọ́n sì pín in sí ìlọ́po méjì ọdún tó kù. Bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe délẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọgbọ́n jìbìtì tí DiPietro dá. Ìṣirò ni, àwọn olówó ẹgbẹ́ ló sì fọwọ́ sí i. Lọ́dún yẹn kan náà ni líìgì fòfin de irú ìwé bẹ́ẹ̀: kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́jọ lọ mọ́ fún ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ́ ẹ̀, méje fún ẹni tó bá lọ síbòmíì. Ọkùnrin náà di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní New York, wọ́n sọ pé ẹnu ẹ̀ dùn.

Islanders náà kọ́gbọ́n, ó kàn pẹ́ ni. Ní sáà 2017 sí 2018, àwọn ni wọ́n jẹ ayò jù lọ nínú gbogbo líìgì. Wọ́n lọ mú kóòṣì Barry Trotz tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife pẹ̀lú Washington. Wọ́n mú Robin Lehner, ọmọ Sweden tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ nítorí ọtí, oògùn olóró àti àìsàn ọpọlọ, tó sì sọ ọ́ síta fúnra ẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ púpọ̀ máa sá fún ni. Ọdún kan péré ni wọ́n bá a kọ, kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọn ò sì jẹ́ kó dá gbé ẹrù náà. Lehner gbá ìdíje 46, Thomas Greiss ọmọ Jámánì gbá 43. Bí ọ̀kan bá ṣọ́lé lónìí, ìkejì á sinmi. Láti ẹgbẹ́ tó jẹ ayò jù, ní ọdún kan ṣoṣo, wọ́n di ẹgbẹ́ tó jẹ ayò tó kéré jù, 196. Àwọn aṣọ́lé méjèèjì jọ gba ife ẹ̀yẹ Jennings. Tẹ́ ẹ bá rántí Pittsburgh tí wọ́n ti fọ́ DiPietro lójú, ìdíje mẹ́rin tẹ̀léra ni wọ́n fi lé wọn sílé lọ́dún 2019.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Gọ́ọ̀mù lórí fóònù. Mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún un, ó gbọ́ ọ títí. Ó ní, “Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là? Lọ́dún?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan lẹ fún mi.” A jọ rẹ́rìn-ín débi pé ó wúkọ́. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ ariwo mọ́tò lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní, “Ọmọ kékeré yẹn tó ń gbé omi fún wa, tẹ́ ẹ ní kò lè ṣọ́lé. Kí lorúkọ ẹ̀ ná?”

Mo ronú títí. Mi ò rántí. Òun náà ò rántí.